A Tọ Omi Dé Inú Ọpọlọ

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí la ti dé etí títì ní Fìdítì. Àwọn ìyá ọlọ́sàn kò tíì pàtẹ tán. Ọ̀kan ń fi àkísà nu ìrì kúrò lára ọsàn, ó ń tò wọ́n léra wọn. Òmíràn ń sọ ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Nígbà tí wọ́n rí Bàbá Kékeré nínú mọ́tò, wọ́n pa iṣẹ́ tì, wọ́n wá kí i. Àbúrò bàbá mi ni. Àgbẹ̀ ọlọ́sàn ni, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá wọ̀nyí ló sì ti ń ra ọsàn lóko rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n wà ní ọmọge.

"Bàbá, ẹ kú ìdájí o. Àlọ yín, àbọ̀ yín, Ọlọ́run á ṣọ́ ọ."

Bàbá gbé ọwọ́ òsì sókè. Ọwọ́ ọ̀tún wà lórí itan rẹ̀ níbi tí ìyàwó rẹ̀ gbé e sí. Ó la ẹnu, ètè rẹ̀ gbọ̀n, ó tún pa á dé.

Oṣù mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ náà ni rọpárọsẹ̀ mú un. Ó ń rin pákò lọ́wọ́ láàárọ̀ ni pákò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti mú un, ọwọ́ kò gbọ́. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sápá kan. A pe ẹbí jọ. A gbàdúrà, a fi òróró pa á lára, àwọn kan ní afẹ́fẹ́ burúkú ló fẹ́ lù ú. Ọjọ́ kejì, nígbà tí oòrùn ti là dáadáa, la tó gbé e dé ilé ìwòsàn. Mo kọ ọ́ síbí nítorí pé àwa la ni ẹ̀bi náà, kì í ṣe ẹlòmíràn.

Ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ń da ilé rú. Bàbá tí kò lè sọ pé "Ẹ fún mi lómi mu", bí wọ́n bá dá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì, á gbè é, ọ̀rọ̀ inú orin á sì máa jáde lẹ́nu rẹ̀ ketekete. Bí orin bá ti parí, ẹnu tún ti kú nìyẹn. Àwọn kan nínú ẹbí wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ó ń díbọ́n ni, pé ẹni tó lè kọrin kò ní ṣàì lè sọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́. Bàbá náà gbọ́, nítorí etí rẹ̀ kò ní àrùn kankan.

Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ dókítà ọ̀dọ́ kan, ọmọ Ìlọrà, tó ń kọ́ iṣẹ́ àwòrán kíkà ní Ìbàdàn. Ó wá kí Bàbá nílé ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìrìn àjò wa. Ó ní ọ̀nà wà tí a lè gbà wo ojú ọ̀nà inú ọpọlọ, àwọn fọ́nrán iṣan tí iṣẹ́ ń gbà láti apá kan dé apá kejì, láìfi abẹ kan ara. Omi ni wọ́n fi ń wò ó. Nígbà tó rí i pé kò yé wa, ó ní ká bá òun mú àdá wá.

Lẹ́yìnkùlé ló lọ. Igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí a ti kórè rẹ̀, ó gé gbọọrọ kan nínú rẹ̀, ó là á sí méjì ní òró. Ó ní kí ìyàwó Bàbá fún òun ní búlúù tó fi ń fọ aṣọ funfun, ó po ó sómi, ó kán ẹ̀kán kan sí àárín igi náà. Búlúù sáré bá òró igi lọ, ó lọ sókè, ó lọ sísàlẹ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ tàn sí ẹ̀gbẹ́ rárá. Ó wá gé iṣu kan, ó kán búlúù sójú rẹ̀. Èyí tàn yíká roboto bí ojú owó kọ́bọ̀.

"Ìyá, ṣé ẹ rí i? Iṣu kò ní fọ́nrán tó tò sọ́nà kan, ibi gbogbo ni omi ń lọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní fọ́nrán, òró fọ́nrán ni omi ń bá lọ. Bí ẹnì kan bá di ojú mi, tó ní kí n sọ ibi tí fọ́nrán ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí kọjú sí, bí mo bá ti mọ ibi tí búlúù lọ, mo ti mọ̀ ọ́n."

Bàbá wà lórí àga lẹ́bàá ògiri, ó ń wò ó. Ó mi orí.

Bí ọ̀rọ̀ ọpọlọ ṣe rí gan-an nìyẹn. Omi inú ara kì í dúró jẹ́ẹ́. Bí a sùn, bí a jí, àwọn ègé omi tí ojú kò lè rí ń ta gìrìgìrì, wọ́n ń kọlu ara wọn, wọ́n ń yí síbí yí sọ́hùn-ún. Robert Brown, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ló rí ìtagìrì náà ní 1827 nígbà tó ń wo ohun tó jáde lára àtíkè òdòdó nínú omi. Einstein fi ìṣirò ṣàlàyé rẹ̀ ní 1905. Nínú apá funfun ọpọlọ, ọ̀rá ló yí ọ̀pọ̀ fọ́nrán iṣan ká bí awọ ṣe ń bo wáyà iná. Omi kò fi bẹ́ẹ̀ rọ́nà gba ara ọ̀rá yẹn kọjá, òró fọ́nrán ni yóò máa bá lọ. Àwọn tó wọn gbogbo fọ́nrán ọlọ́rà inú ọpọlọ ọ̀dọ́ kan ṣírò rẹ̀ pé, bí a bá fa gbogbo wọn so, yóò ju 140,000 kìlómítà lọ. Ọ̀nà tó wà nínú orí ẹnì kan lè yí ayé po ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ.

Ẹ̀rọ òòfà, MRI, ló ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ omi. Ó bá mi lára mu nígbà tí mo mọ̀ pé omi náà ni àwòrán àkọ́kọ́ tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ yà: ọ̀pá dígí kéékèèké méjì tí omi wà nínú wọn, tí Paul Lauterbur gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1973. Nígbà tó di 1985 sí 1986, Denis Le Bihan, dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti ń fi ẹ̀rọ náà wo ìrìn omi nínú ọpọlọ ènìyàn. Ní 1994, Peter Basser àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Le Bihan wà lára wọn, gbé ìṣirò kan jáde tó ń sọ apá ibi tí omi kọjú sí gan-an. Kí ọdún 2000 tó parí, àwọn olùwádìí ti ń so ìkọjúsí kan mọ́ èkejì, ó sì di okùn lójú kọ̀ǹpútà.

Ní ọjọ́ ìrìn àjò wa, ojúmọ́ ti mọ́ kedere nígbà tí a kọjá Mọ́níyà. Ní Òjóò, ọkọ̀ kò rìn. Ìyàwó Bàbá fi igun ìró rẹ̀ nu itọ́ ní ẹ̀bá ẹnu rẹ̀, ó fún un ní ẹ̀kọ díẹ̀. Kí aago mẹ́jọ tó lù, a ti wà ní ilé àyẹ̀wò náà ní Ìbàdàn.

Ọmọbìnrin tó ń darí ẹ̀rọ kúnlẹ̀ kí Bàbá kó tó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. "Bàbá, ẹ má bínú o. Ṣé irin wà lára yín? Ṣé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún yín rí? Ọta ìbọn ńkọ́, ó ti bà yín rí?" Bàbá ṣọdẹ nígbà èwe rẹ̀. Ó mi orí pé rárá. Wọ́n gba ìgbànú, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́, wọ́n ní kí n yẹ àpò rẹ̀ wò dáadáa. Ó ku òrùka. Ìka ọ̀tún ti wú láti ìgbà àìsàn, òrùka bàbà rẹ̀ kò fẹ́ bọ́. Ìyàwó rẹ̀ bu ọṣẹ sí i, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀, ó ń sọ fún un pé "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́", bí ẹni pé ìka náà ń dùn ún. Nígbà tó bọ́, àmì funfun wà lórí ìka, ibi tí oòrùn kò tíì dé fún ogójì ọdún. Ó so òrùka náà mọ́ igun gèlè rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ irin yẹn kì í ṣe eré. Òòfà ẹ̀rọ náà lágbára tó ìlọ́po 30,000 agbára òòfà ilẹ̀ ayé fúnra rẹ̀, kì í sì í kú bí wọ́n bá pa iná yàrá. Àga irin lè fò lọ lẹ̀ mọ́ ọn.

Wọ́n gbé Bàbá sórí pákó tóóró, wọ́n fi ohun tí kì í jẹ́ kí ariwo dun ni dí i létí, wọ́n fi tìmùtìmù ká orí rẹ̀ mọ́ kó má mì. Wọ́n fi bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré sí ọwọ́ òsì rẹ̀: bí ẹ̀rù bá bà á, kó fún un, agogo á dún lọ́dọ̀ wọn. Pákó wọ inú ihò ẹ̀rọ lọ. Èmi àti ìyàwó rẹ̀ ń wò ó láti ẹ̀yìn dígí. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù níta, ẹsẹ̀ àgbẹ̀, gìgísẹ̀ tó ti sán.

Ariwo ẹ̀rọ náà kò jọ ohun tí mo rò. Ó kọ́kọ́ ń dún kọ́, kọ́, kọ́, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, nígbà tó kan àwòrán ìrìn omi, ohùn yí padà, ó di híhan gooro tó mú pákó gbọ̀n. Ọmọbìnrin náà ní ìyẹn ni ibi tí òòfà ti ń yára tì, tó ń yára fà. Ó máa sàmì sí omi, ó máa dúró díẹ̀, ó máa padà wá wò ó bóyá ó ti kúrò níbi tó wà. Dídúró yẹn kò ju ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú àáyá kan, ìrìn tí omi sì rìn láàárín rẹ̀ kò tó ìbú irun orí kan. Ẹ̀rọ béèrè láti apá kan, ó yí padà, ó béèrè láti apá mìíràn. Apá mẹ́fà ló kéré jù. Ọgbọ̀n ni wọ́n béèrè fún Bàbá. Ní gbogbo ìgbà náà, orí kò gbọdọ̀ mì. Àgbàlagbà tí wọ́n ní ó ń díbọ́n dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bí igi, kò fún bọ́ọ̀lù yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìṣirò rẹ̀ gba wákàtí díẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká dókítà. Sọ́fítíwìà ọ̀fẹ́ ló fi ṣe é, irú èyí tí ẹnikẹ́ni lè gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó sọ fún mi pé àwòrán ọpọlọ àwọn ará Amẹ́ríkà, tí wọ́n gbé síta fún gbogbo ayé lábẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Human Connectome Project, lòun fi kọ́ iṣẹ́ náà lóru ní Ìlọrà, nígbà tí iná bá wà.

A jẹ àmàlà, a padà. Yàrá náà ṣókùnkùn, ó tutù. Ó yí kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ wa.

N kò mọ bí mo ṣe máa ṣàpèjúwe ohun tí mo rí kó tó ohun tí mo rí. Ó dà bí òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa láró tí wọ́n tò sórí òfì, kí ahunṣọ tó jókòó tì í, àmọ́ pé òwú yìí tẹ̀, ó lọ́, ó ń yọ láti inú ara rẹ̀ jáde. Àwọ̀ mẹ́ta ló pọ̀ jù, àdéhùn sì ni kárí ayé. Pupa ni fọ́nrán tó lọ láti òsì sí ọ̀tún. Àwọ̀ ewé ni èyí tó ti iwájú lọ sẹ́yìn. Búlúù ni èyí tó ń lọ sókè sísàlẹ̀. Afárá pupa ńlá kan wà láàárín, òun ló so ìlàjì ọpọlọ mọ́ ìlàjì, fọ́nrán tó wà nínú rẹ̀ sì tó nǹkan bí igba mílíọ̀nù.

Dókítà yọ àwọn yòókù kúrò, ó fi búlúù sílẹ̀. Okùn méjì ló kù, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láti òkè orí lọ sí ọrùn. Tọ̀tún ki bí okùn ìdákọ̀ró. Tòsì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tín-ín-rín, ó fọ́nká, ibì kan wà tí ó kù bí ìyẹ́ adìẹ.

"Ọ̀nà tí ọpọlọ ń gbà rán ọwọ́ níṣẹ́ nìyí," ó sọ fún ìyàwó Bàbá. "Bó bá dé ìpàkọ́, nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá fọ́nrán rẹ̀ á rékọjá sí òdìkejì. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé apá òsì ló bàjẹ́, ọwọ́ ọ̀tún ló kú."

Ó wá ṣí òmíràn. Èyí tẹ̀ bí dòjé: láti ẹ̀yìn etí, ó gòkè, ó yí, ó lọ síwájú. Okùn ọ̀rọ̀ ni. Láti 1861 tí Paul Broca ti yẹ ọpọlọ ọkùnrin ará Paris kan wò, ẹni tí kò lè sọ ju "tan" lọ kó tó kú, ni wọ́n ti mọ̀ pé ibì kan wà níwájú lápá òsì tó ń to ọ̀rọ̀ sẹ́nu. Carl Wernicke ará Jámánì rí ibi tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yé, lẹ́yìn, ní 1874. Dòjé yìí wà lára ohun tó so méjèèjì. Lápá òsì orí Bàbá, ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa lẹ́yìn etí, ó gòkè díẹ̀, ó dé ibi dúdú kan, ó tán.

Ìyàwó rẹ̀ nàka sí ibi dúdú náà, kò fọwọ́ kàn án. "Ibẹ̀ ni?"

"Ibẹ̀ ni, Mà."

"Orin ńkọ́?"

Dókítà ní àwọn onímọ̀ gbà pé apá ọ̀tún ń kópa púpọ̀ nínú orin, àti pé ohun tí a ti kọ́ sórí láti kékeré, orin, àdúrà, kíka ení èjì, lè jáde nígbà tí ọ̀rọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ hun kò lè jáde. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jáde kò dọ́gba. Obìnrin náà bú sẹ́kún. Ẹkún ìtura ni. Oṣù mẹ́rin ló ti fi ń gbọ́ pé ọkọ òun ń díbọ́n.

Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí mọ ohun tí dókítà sọ tẹ̀lé e, nítorí pé àwòrán tó lẹ́wà báyìí lè tan ni jẹ. Ó ní kì í ṣe fọ́nrán gan-an la rí, ipasẹ̀ omi la rí. Ègé kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán náà fẹ̀ tó mìlímítà méjì, àìmọye ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́nrán ló sì wà nínú rẹ̀. Níbi tí ọ̀nà méjì ti dábùú ara wọn, kọ̀ǹpútà lè ṣìnà bí àlejò tó dé ìkóríta lóru. Ní 2017, wọ́n gbé èsì ìdánwò kan jáde lórí irú àwòrán yìí, tí ogún ikọ̀ olùwádìí kópa nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn rí àwọn ọ̀nà tòótọ́, àmọ́ ọ̀nà tí kò sí rárá tí wọ́n tún yà sí i ju àwọn tòótọ́ lọ. Nítorí náà, dókítà kò dá àwòrán yìí nìkan gbọ́ lórí Bàbá. Àwòrán lásán tí ẹ̀rọ kọ́kọ́ yà fi ibi tó kú hàn, ipasẹ̀ omi fi ọ̀nà tó dí hàn, ohun tí Bàbá kò lè ṣe sì bá méjèèjì mu. Ẹlẹ́rìí mẹ́ta ni.

Mo bi í léèrè ohun tí mo ti ń bẹ̀rù láti bi í. Bí a bá tètè wá ńkọ́? Kò fẹ́ dáhùn, mo tẹnu mọ́ ọn. Ó ní bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ibì kan nínú ọpọlọ, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí díẹ̀ omi ibẹ̀ á há, kò ní lè rìn dáadáa mọ́, ẹ̀rọ á sì rí i bí iná funfun, nígbà tí àwòrán CT, èyí tí wọ́n ń fi ìtànṣán X-ray yà, lè máa sọ pé kò sí nǹkan kan. Olùwádìí Michael Moseley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ológbò ṣàfihàn èyí ní 1990. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì wà, láàárín wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ni wọ́n máa ń fún ni. Fún rọpárọsẹ̀ ńlá tí ẹ̀jẹ̀ dídì fà, wọ́n ti ṣírò rẹ̀ pé mílíọ̀nù 1.9 ẹ̀yà iṣan ọpọlọ ló ń kú ní ìṣẹ́jú kan. Mo ka wákàtí tí a fi ṣèpàdé ẹbí. Ó lé ní ogún.

Nígbà tí à ń bọ̀, dókítà bá wa wọkọ̀ kó lè sùn nílé ní Ìlọrà. Ó ń sọ̀rọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Odeku fún mi, ọmọ Awẹ́, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Afijió yìí kan náà. Wọ́n bí i ní 1927, ó kọ́ṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ó padà sílé ní 1962, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, òun ló sì dá ẹ̀ka iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Nígbà tó padà dé, kò sí CT, kò sí MRI. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ayé ìgbà náà máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú orí, tàbí kí wọ́n fa omi tó ń hàn nínú àwòrán sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n tó ya àwòrán, kí wọ́n lè méfò ibi tí ìṣòro wà. Ó kú ní 1974, ọdún kan péré lẹ́yìn tí Lauterbur gbé àwòrán omi rẹ̀ jáde. Ilé ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ dòní. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń gba títì Awẹ́ lọ sílé ẹ̀kọ́ kò mọ̀ ọ́n.

Dókítà náà ló tún sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìwádìí SIREN tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Nàìjíríà àti Gánà. Ẹgbẹ̀rún méjì ó lé ènìyàn tí rọpárọsẹ̀ mú ni wọ́n fi wé iye kan náà tí kò mú, wọ́n sì gbé èsì jáde ní 2018. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣáájú gbogbo ohun tó ń fà á, ó ju gbogbo ìyókù lọ fíìfíì. Àìjẹ ẹ̀fọ́ tútù déédéé wà lára wọn. Bàbá Kékeré ń gbin ẹ̀fọ́ sábẹ́ ọsàn rẹ̀, ó ń tà á. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ iye tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru kí pákò tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kò wọ̀n ọ́n rí.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí a sọ̀ ní Fìdítì. Ìyàwó rẹ̀ tú igun gèlè, ó yọ òrùka, ìka ọwọ́ òsì ló fi í sí. Dókítà ti sọ fún un pé wọ́n máa ń fi orin kọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́rọ̀, láti orin dé gbólóhùn kúkúrú, àti pé á gba sùúrù. Alẹ́ ọjọ́ náà ló bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ará Fìdítì, ẹ̀yin ará Ìlọrà, Awẹ́, Jọ́bẹ̀lẹ̀ àti gbogbo ibi tí ìwé yìí bá dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ẹnu ẹnikẹ́ni nínú ilé yín bá ṣàdédé wọ́, bí apá rẹ̀ kan bá rọ, bí ọ̀rọ̀ bá dàrú mọ́ ọn lẹ́nu, ẹ má pe ìpàdé ẹbí. Ẹ wá mọ́tò, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.